Ọjọ́ tí Bàbá Mi Fa Bàbá Tirẹ̀ Lé Télọ̀ Lọ́wọ́

Mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí kò ga ju tábìlì ìjẹun lọ nígbà tí bàbá àgbà mi, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà náà, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo wa pé kí a fún bẹ́líìtì mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ bí ìfẹ̀yìntì ṣe rí lásìkò yẹn. Wọ́n á fún ènìyàn ní aago ògiri, wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀gá kan á dìde, á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn kò ní gbàgbé rẹ̀ láé, wọ́n á sì ti gbàgbé rẹ̀ kó tó délé. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó jókòó síwájú ilé kí àwọn tó ń kọjá máa kí i.

Bàbá àgbà ṣe iṣẹ́ yìí fúngbà díẹ̀ níwájú ilé wa ní Pápá Àjàó, ní Mushin. Wọ́n kí i láàárọ̀, wọ́n kí i lọ́sàn-án, wọ́n kí i nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọjà. Ó ń dáhùn títí ẹnu fi ń ro ó.

Bàbá mi ní tirẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lápá Yaba. Ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni bí a ṣe ń kọ́ àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ti gba oyè yunifásítì méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Bí a bá ń jẹun, á gbé ìka sókè, á ní kò sí ọjọ́ orí tí ẹ̀kọ́ kò yẹ. Lẹ́yìn náà á tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìyá mi, tí kò bi í léèrè. Kò sí ẹni tó ń fetí sí i nínú wa, àfi bàbá àgbà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bàbá àgbà gbà á gbọ́.

"Mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀," ló wí lọ́jọ́ kan.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

"Lọ́dọ̀ ta ni, Bàámi?"

"Lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó wà nílé kejì yẹn."

"Àbúrò mi tó kéré jù dàgbà ju ọmọ yẹn lọ."

"Ṣé kò mọ ṣòkòtò rán ni?"

"Bàámi, àwọn ènìyàn á ní mi ò fún yín lóúnjẹ."

"Sọ fún wọn pé mo máa ń jẹ ẹ́ tán."

Ohun tí bàbá àgbà fẹ́ kò ṣòroó lóye. Ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síbi tó ń jókòó sí níwájú ilé, kí ẹni tó bá dúró níbẹ̀ dúró nítorí pé ó ní iṣẹ́ tó gbé wá. Ó ní ìkíni tí wọ́n ń kí òun yìí, ó ti ń jọ pé wọ́n ń dágbére fún òun.

Bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin náà, tí í ṣe ọ̀gá télọ̀ níbẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fún un ní àga kan ṣoṣo tó ní ẹ̀yìn níbẹ̀, kò sì gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ mìíràn bá rán aṣọ wọ́, ọ̀gá á fi rúlà kàn án lórí, á ní, "Ṣé ojú ẹ ń fọ́ ni?" Ṣùgbọ́n bí bàbá àgbà bá gbé tirẹ̀ dé, tí ojú-rírán rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún, yà sósì bí ọ̀mùtí tó ń lọ sílé, ohun tí ọ̀gá ń sọ ni, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́." Inú bàbá àgbà á dùn. Á wá ròyìn fún wa nílé bó ṣe rán kọ́là àti bí wọ́n ṣe yìn ín. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń sọ fún àwọn àlejò pé bàbá òun lọ kí ọ̀rẹ́ kan.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí èyí ti ń lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà gbàgbé awò ojú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ó fà mí lọ́wọ́, a padà lọ. A bá ọ̀gá télọ̀ tó ń fi abẹ bíléèdì tú kọ́là tó yìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" bàbá àgbà béèrè.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé." Ọ̀gá ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Bàbá tó bí mi ò dàgbà tó yín. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún yín pé ẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́?"

Bàbá àgbà mú awò ojú rẹ̀, a padà sílé. Kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ó padà sórí àga rẹ̀ níwájú ilé, wọ́n sì ń kí i. Inú bàbá mi dùn, ó ra ìwé ìròyìn fún un, ó ní ìsinmi ni ara àwọn àgbà ń fẹ́. Ìsinmi náà wá pọ̀ débi pé bàbá àgbà kì í ṣí ìwé ìròyìn náà mọ́, oúnjẹ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù nínú àwo.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pe bàbá mi jókòó. Ó ní òun ti rí ibi tí òun ti ṣì í. Gbogbo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló ní ẹni tó mú un wá, tó fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́ lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tó sì sọ pé bó bá ṣe àṣìṣe, kí wọ́n bá a wí. Òun nìkan ló mú ara òun lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kò fi lẹ́nu láti bá òun wí.

"Mi ò ní bàbá mọ́," ló wí, "mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Ìwọ ni mo ní. Ìwọ lo máa mú mi lọ."

Bàbá mi dìde, ó tún jókòó. "Bàámi, kí n lọ sọ fún télọ̀ pé kó máa bá bàbá mi wí?"

"Èdè tó bá wù ọ́ ni kó o fi sọ ọ́."

Bàbá mi wo ìyá mi bóyá yóò gbè é lẹ́yìn. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹ̀yin náà lẹ ní kò sí ọjọ́ orí tí ẹ̀kọ́ kò yẹ," ló wí, kò gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi wọ kóòtù, ó de táì, ó ra mínírà kíréètì kan, gbogbo wa sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn ètò ẹ̀kọ́ láti ayé àtijọ́. Bàbá àgbà fi ìgbúnwọ́ gún un.

"Bàbá mi nìyí," ló wá wí. Òógùn bò ó. "Mo mú wọn wá kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe..."

"Sọ ọ́ tán," ni bàbá àgbà wí.

"Ẹ bá wọn wí. Ẹ má wo ojú wa."

Bàbá àgbà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rán etí ṣòkòtò kan, ó fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó wo bàbá mi. Bàbá mi dijú.

"Bàbá," ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹni tó ń retí kí àrá sán pa á, "kò dáa. Ẹ tú u."

Àrá kò sán. Ẹnì kan ṣí mínírà.

"Ibo ni kò ti dáa, ọ̀gá?"

"Ibí yìí. Ẹ̀ ń fa aṣọ. Ẹ má fà á, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé e fúnra rẹ̀."

Bàbá àgbà mú bíléèdì, ó ń tú u, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san àjẹsílẹ̀ pẹ́ńṣàn fún. Ó tú púpọ̀ lọ́dún yẹn. Kí ọyẹ́ tó dé, ọ̀gá ti lè wí fún un lójú gbogbo ènìyàn pé, "Bàbá, ṣé ojú yín ń fọ́ ni?" Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ìránṣọ dé iwájú ilé wa, àwọn aládùúgbò sì ń kó yẹ̀rì tó ya àti aṣọ ilé-ìwé ọmọ wọn wá. Ní ti bàbá mi, ó lọ ṣe àsọyé ńlá kan nípa àgbàlagbà kan ní Mushin tó kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Kò sọ bàbá ẹni tó jẹ́.

Ayé ti yí padà báyìí. Irun funfun ti gba orí èmi náà, a sì ti pọ̀ nílùú ju bí àwọn àgbà ayé ìgbà náà ṣe pọ̀ lọ. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ẹlòmíràn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fídíò, kò sì sí ọmọ tó ń purọ́ fún àlejò nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọ náà gan-an ló ń sanwó rẹ̀. Inú mi ń dùn bí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń kọ́ wa, ẹ ṣì ń bẹ̀rù wa jù. Ohunkóhun tí a bá tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì," bí a bá sì ti yíjú báyìí, ẹ ti ń bá wa tún un ṣe. Ẹ kí wa dáadáa, inú wa yóò dùn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àga yín sún mọ́ wa, kí ẹ fi ibi tí a ti ṣì í hàn wá. Ọjọ́ tó kù níwájú wa tó láti fi tún un ṣe.