Ọjọ́ Tí Mo Jẹ́wọ́ Ẹ̀jẹ̀ Imú Ìdílé Wa

Ọjọ́ tí Bísí ọmọ mi dákú nílé ọkọ rẹ̀ ní Mushin, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. A gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lọ́ mọ́ra wọn nínú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì lè bẹ́ nígbàkígbà.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń dà nímú ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín? Ẹ sọ, ká mọ ohun tí à ń tọ́jú."

Ìyá ọkọ Bísí jókòó tì mí. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè àìsàn ìdílé wa. Mo ní a ò ní kankan.

Mo ní, "Ìyá mi, èmi, Bísí. Gbogbo wa ni ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú."

Àna mi ní, "Ìyá Bísí, ẹ purọ́ fún mi."

"Mo purọ́. Ẹ má bínú."

Dókítà ní àrùn àjogúnbá kan ló ń fa ẹ̀jẹ̀ imú náà àti ti inú ọpọlọ. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan Bísí dé ọpọlọ, wọ́n fi nǹkan tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù dí àwọn iṣan náà. Àna mi dìde, ó lọ jókòó sí ibòmíràn fún wákàtí mẹ́rin.

Nígbà tí Bísí lajú, àna mi wá fà mí lọ́wọ́. "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ mú àwọn ọmọ-ọmọ wa wá, kí wọ́n yẹ orí tiwọn náà wò."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àìsàn ìdílé wa, mo ń sọ ọ́.