Ihò Abẹ́ Òkúta Lágúnjú

Kí Lágúnjú tó gba òkúta kan wọlé, yóò fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì dẹtí sí i. Èyí tí ó bá dún gooro, ó gbà á. Èyí tí kò bá dún, ó ní ó ti là nínú, kí wọ́n dá a padà sí ibi ìfọ́kúta lọ́nà Ìpetumodù. Bí awakọ̀ típà bá ráhùn, yóò ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ yóò wakọ̀ lọ, èmi ni wọn yóò máa dárúkọ." Ọmọ àdúgbò Ìrémọ ni. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe iṣẹ́ òkúta yìí, kí ó tó di pé gbogbo ènìyàn ń da òkúta sílẹ̀ bí ẹni da pàǹtí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan gbà á síṣẹ́ ní odò kan lẹ́yìn àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Wọ́n fẹ́ gba abẹ́ odò náà fa páìpù tí ń kó omi ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n gbẹ́ yàrà sí ìsàlẹ̀ odò, wọ́n tẹ́ páìpù sínú rẹ̀. Lágúnjú ni yóò pèsè òkúta tí yóò sì tò ó lé e lórí, wẹ́wẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ńláńlá lẹ́yìn, kí àgbàrá má baà gbé páìpù dìde. Létí odò yẹn, níbi tí omi ń ṣàn lọ, ni Dorcas, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Omi odò náà ni ó fi ń bomi rin ebè, ẹ̀fọ́ náà ni ó sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí páìpù bá já, oko Dorcas ni yóò kọ́kọ́ lọ, Lágúnjú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kírénì a máa gbé òkúta ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, Lágúnjú a sì dúró létí odò, a máa fọwọ́ júwe. Abdulwahab, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí òun náà sì ti di bàbá ọmọ méjì, ni ó máa ń wà nínú omi tí ó mù ún dé àyà, tí ń fi ẹsẹ̀ wádìí bí òkúta bá jókòó. Ojú kò lè rí ìsàlẹ̀ omi ẹlẹ́rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ń rí i.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, òjò ti ṣú. Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà mú àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó. Lágúnjú nawọ́ sí odò. "Ó ti parí," ni ó wí. "Ẹ lè fi mí búra."

Ìgbà náà gan-an ni ẹsẹ̀ Abdulwahab bọ́ sínú ihò lábẹ́ òkúta ìkẹyìn.

"Ọ̀gá," ni ó pè láti inú omi, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tún èyí wò."

"Kí ló kù tá a fẹ́ wò? Omi ti wọ̀ ọ́ létí. Jáde, kó o wá mu ẹ̀kọ gbígbóná."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Abdulwahab jáde. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni. Láàárín wa, a kì í já ọ̀gá ẹni nírọ́ lójú àlejò. A máa ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí yóò fi ku àwa méjì.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ni ó dé ilé Lágúnjú ní Ìrémọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó lanu. "Ọ̀gá, ihò wà lábẹ́ òkúta tó kẹ́yìn. Ó gbà mí dé kókósẹ̀."

Lágúnjú bi í pé, "Kí ló dé tó ò sọ ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ti sọ pé ó parí, sà."

Nọ́ńbà ẹnjiníà wà nínú fóònù Lágúnjú. Kírénì kò tíì kúrò létí odò. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí wọ́n fi òun búra. Ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Òjò yẹn bẹ̀rẹ̀ lóru, kò sì dá fún ọjọ́ méjì. Ihò náà ni àgbàrá bá wọlé, ó hú òkúta, ó gbé páìpù sókè, oríkèé rẹ̀ sì já. Ohun tí ó dà sórí ebè Dorcas kì í ṣe ohun tí a ń ròyìn nídìí oúnjẹ.

Dorcas kò bú Lágúnjú. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi í: "Àbúrò mi, ṣé o ti mọ̀?"

Ó ní òun ti mọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, Lágúnjú fúnra rẹ̀ ni ó wọ omi, Abdulwahab ni ó dúró létí odò tí ń júwe. Òkúta ìkẹyìn jókòó. Ẹnjiníà bèèrè bóyá ó ti parí. Lágúnjú fi ẹsẹ̀ wádìí yí i ká, ó tún wádìí.

"Ẹ bi Abdulwahab," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ wá wò ó ná."

Páìpù náà ṣì wà níbẹ̀ di òní, kò mì. Dorcas ń ta ọṣẹ ní Ẹnuwà. Ebè rẹ̀ ti di igbó.