Ojú Fàsásì Lábẹ́ Àtíkè

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ezekiel ni ọ̀gá ọkọ̀ àkọ́kọ́ nínú eré tẹlifíṣàn Àlejò Ojú Sánmọ̀, ẹ sọ fún un pé èmi Kúlúsúmù ní irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn yìí, wọ́n á tún máa búra. Kí Ezekiel tó jókòó sórí àga yẹn, ọkọ mi Fàsásì ló kọ́kọ́ jókòó sí i. Òun náà ló sì kan àga ọ̀hún.

Ẹ má bínú pé mo ń pe ọkọ mi ní "ó". Nílé, mi ò jẹ́ dán an wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun àti bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bí mo bá sì ń pe àwọn méjèèjì ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń wí.

Káfíńtà ni Fàsásì, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Beyerúnkà. Bàbá rẹ̀, Bàbá Sàlámì, olóólà ni wọ́n, nínú agbo ilé wa ní Ọ̀rányàn. Abẹ wọn ló kọ àbàjà sójú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ná Ọjà'ba nígbà yẹn. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ wá tí ẹ̀rù sì ń bà á, Bàbá á ránṣẹ́ pe Fàsásì láti ìsọ̀, wọ́n á ní kó yíjú sọ́tùn-ún, kó yí i sósì. "Ẹ wo iṣẹ́ mi," ni wọ́n á wí. Ojú ọkọ mi ni Bàbá fi ń polówó ọjà. Ilà náà sì gún régé lóòótọ́.

Ìjà wà láàárín bàbá àtọmọ, ìjà tí kò lariwo. Fàsásì ni àrẹ̀mọ, òun ló yẹ kó gba abẹ, ṣùgbọ́n kò lè fara da igbe ọmọ ọwọ́. Ló bá lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Láti ìgbà náà, Bàbá ò yin ohunkóhun tó bá ṣe. Bó kan ìlẹ̀kùn fún wọn, wọ́n á ní ó ń dún. Kò sí ohun tí ọkọ mi ń wá láyé ju kí bàbá rẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ní ó dára.

Èmi náà ní tèmi lọ́kàn. Mò ń ta òòyà, tìróò àti àtíkè ní Ọjà'ba, mo sì wà nínú oyún àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọlà fún ọmọ mi. Mo ṣì rántí bí àbúrò mi ṣe ké nígbà tí wọ́n ń kọ tirẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò dojú kọ bàbá ọkọ tó jẹ́ olóólà, tí yóò ní òun ò fẹ́ ilà? Àfi bí ẹni tó lọ fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, tó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ìró irin. Mo panu mọ́, mò ń bẹ Ọlọ́run.

Tẹlifíṣàn ò tíì pẹ́ ní Ìbàdàn nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, tó ń ṣètò eré níbẹ̀, wá bá Fàsásì pé kó kan ọkọ̀ kan fún òun. Kì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ omi. Ọkọ̀ tó ń ti orí ìràwọ̀ kan bọ̀ ni, tí yóò já sí ìlú wa lójijì. Ọkọ mi fi pákó àti páànù kan án, ó ń dán yinrin. Olùkọ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ mú láti ṣe ọ̀gá ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò jáde. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fi eré náà kọ́ra, pákó kan fẹ́ wó lù wọ́n, ni Fàsásì bá pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ sún sẹ́yìn!" Gbogbo wọn sún, títí kan olùkọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga ní ohùn ọ̀gá ọkọ̀ tí òun ń wá nìyẹn. Bí ọkọ mi ṣe fi òòlù sílẹ̀ tó gun àga nìyí.

"Ilà yín yìí nìkan ni wàhálà," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga sọ fún un. "Ará orí ìràwọ̀ lẹ jẹ́ nínú eré. Ta ló kọ àbàjà fún yín lọ́hùn-ún?"

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún mi, mo ní, "Ṣé ẹ ò bi wọ́n pé ta ló kọ́ ará orí ìràwọ̀ ní èdè Yorùbá?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti gbà láti bo ilà náà. Èmi náà gbà, kí n má purọ́. Láti orí àtẹ mi ni àtíkè ọ̀hún ti wá. Mo pò ó mọ́ òrí títí tó fi jọ àwọ̀ rẹ̀, mo fi dí ojú ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi dán bíi ti ìkókó. Inú mi dùn. Mo rò ó pé bí Bàbá bá rí bí ojú tí kò nílà ṣe lẹ́wà tó, bóyá wọ́n á fi ti ọmọ mi sílẹ̀.

Àlàájì Àkíbù tó ń ta aṣọ ní Gbági nìkan ló ní tẹlifíṣàn nítòsí wa, ilé rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì lọ́jọ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀, a kún pálọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, a fi Bàbá jókòó síwájú. Nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣeré lọ́hùn-ún la ṣe ń rí i nílé, kò sí pé à ń gé e, à ń tún un ṣe. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, Fàsásì jáde, pálọ̀ gba àtẹ́wọ́. Bàbá ṣì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Fàsásì dà?" ni wọ́n bi mí.

"Òun ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá."

Wọ́n sún mọ́ gíláàsì, wọ́n wò ó títí. "Ohùn ọmọ mi ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ ilé tí ọkùnrin yìí ti wá."

Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ sílé. Eré ò tíì dé ìdajì.

Bí Fàsásì ṣe wọlé, ohun tí Bàbá sọ ló kọ́kọ́ bèèrè. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó jókòó sórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, àtíkè ṣì wà létí rẹ̀. "Ọwọ́ wọn ló ṣe ojú yìí," ló ń wí, "wọn ò sì mọ̀ mí." Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ohun tí èmi fúnra mi ń wá.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po tí eré tún kàn, mo po àtíkè sínú agolo, mo ní kó mú un dání kó lè kùn ún lọ́hùn-ún, torí oòrùn mú, kó má baà yọ́ lójú rẹ̀ lọ́nà. Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo wọ yàrá, mo bá agolo náà lójú fèrèsé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìgbàgbé. Mo lọ bẹ Bàbá títí tí wọ́n fi tẹ̀ lé mi lọ sílé Àlàájì.

Fàsásì ti sá pamọ́ sínú ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kí àwọn òṣèré yòókù tó dé. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga yóò fi rí ojú rẹ̀, gbogbo ìlú ti rí i. Àbàjà rèé, ó là kedere lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ láti orí ìràwọ̀. Bàbá dìde, wọ́n na ìka sí gíláàsì, wọ́n tọ ilà náà láti ẹ̀bá etí dé ẹ̀bá ẹnu.

"Ẹ wo iṣẹ́ mi," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Ta ló kan ìlẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Kò dún," ni wọ́n ní. "Ó dára."

Mo sáré lọ bá ọkọ mi lójú ọ̀nà láti sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ títí a fi délé.

Àwọn ará tẹlifíṣàn ò jẹ́ kó padà sórí àga náà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga kì í ṣe èèyàn burúkú, ó wá sílé wá bẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá òun ni kò gbà. Ezekiel ni wọ́n mú, ọmọ ìjọ Aládùúrà kan tí ojú rẹ̀ ń dán. Ohùn rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, gbogbo ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀. Fàsásì ṣì ni wọ́n ń pè bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ọkọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ìṣó kan yọ orí díẹ̀ lára àga yẹn, kí Ezekiel lè mọ ẹni tó ni ín. "Ezekiel ò ṣẹ̀ wá, Kúlúsúmù," ló dá mi lóhùn, ó tún lọ fi sáńpépà dán àga náà sí i. Irú èèyàn tí mo fẹ́ nìyẹn.

Mo bí obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá gbé abẹ wọn dé, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Mo wojú ọkọ mi bóyá yóò gbà mí sílẹ̀. "Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́, Bàbá," ló wí. Lẹ́yìn ohun tí wọ́n ti sọ nípa ìlẹ̀kùn yẹn, kò sí ohun tí kò lè fún wọn. Inú bí mi.

Bàbá gbé ọmọ lé orí itan, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Kúlúsúmù, ṣé o ṣì ń ta àtíkè?"

"Mò ń tà á, Bàbá."

"Èyí tó gún jù nínú gbogbo ilà tí mo kọ láyé mi, wọ́n ní kó fi àtíkè bò ó. Kò bò ó, wọ́n lé e." Wọ́n wé abẹ padà sínú aṣọ. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ní kí ọmọ yìí bo ojú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ."

Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún ni mo rí gbà yẹn. Ẹkún ni mo bú sí.

Sìdí la sọ ọmọ náà. Ó ti di ìyàwó ilé báyìí, ojú rẹ̀ ń dán, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹ ò ní mọ ilé tó ti wá.