Àwọn Kọ́ìlì Orí Wáyà

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Elétí, lókè tábìlì tó ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé, wáyà kan nà láti ìṣó dé ìṣó. Kọ́ìlì jíjóná ló so rọ̀ sórí wáyà náà. Òmíràn ti yọ́ létí, òmíràn ti là lẹ́yìn, tí nǹkan dúdú inú rẹ̀ sì ti ṣàn jáde kó tó gan. Gbogbo wọn pátá ló ní ọ̀dà àwọ̀ ewé tóró lórí. Oníbàárà tuntun a máa bi í pé kí lèyí, Elétí á sì dáhùn pé, "Ẹ̀bùn àna mi ni." Ẹni tó bá mọ àna náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì wojú ibòmíràn.

Elétí kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé ọkọ̀ á ṣì wà níkòríta, kò tíì yà wọ àdúgbò, obìnrin yìí á ti wí fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Púlọ́ọ̀gì kan ń mísì lára ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn." Ọkọ̀ á dé, wọn á ṣí i, wọn á sì bá a bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún etí náà. Mẹkáníìkì ni bàbá, ọmọbìnrin méjì ló sì bí. Àgbà kò fẹ́ kí epo ọkọ̀ kan òun lọ́wọ́, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Àbúrò ló ń sùn sábẹ́ ọkọ̀.

Iṣẹ́ tí Elétí mọ̀ jù lọ ni kó jókòó ti ọkọ̀ eré, kó fún kọ́ìlì rẹ̀ ní àsìkò ìgbaná tó tọ́ sí i. Bàbá rẹ̀ ló là á yé e nígbà tó ṣì kéré. Ó ní garawa ni kọ́ìlì tó ń kó iná jọ fún púlọ́ọ̀gì, iná bátìrì sì ni omi ẹ̀rọ. Bí o bá tètè gbé garawa kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, omi rẹ ò ní tó wẹ̀: iná púlọ́ọ̀gì á lẹ, ọkọ̀ á máa wúkọ́ lórí eré. Bí o bá sì gbàgbé garawa síbẹ̀, omi á kún, á máa dà nù, ilẹ̀ á bàjẹ́: kọ́ìlì á gbóná, á máa gbóná sí i, títí tó fi máa jó. Láyé bàbá, páálí tín-ín-rín ni wọ́n ń fi sáàárín irin méjì láti wọn àsìkò náà. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Bàbá ní ojú òun ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, Elétí ló lọ kọ́ ọ, òun ló sì ń tẹ iye tó yẹ sínú gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé.

Ọmọọṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ bàbá nígbà náà. Ó lẹ́nu, ó mọ aṣọ wọ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Àgbà ọmọ fẹ́ ẹ. Bí bàbá ti kú, ilẹ̀ ò tíì tutù tán lórí sàréè, ọkùnrin náà ti kan pátákó tuntun mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó ń kán an sórí ohun gbogbo: spánà, jáàkì, àga, garawa, títí kan kọ́ìlì tuntun tó bá rà, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ẹni tó ń kó ti ẹlòmíràn ni kì í lè sun oorun àsùnwọra nítorí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Aláwọ̀-Ewé, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, ó rò pé oyè ni.

Elétí palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ gba abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá onítáyà. Àwọn ọlọ́kọ̀ eré tẹ̀ lé e. Wọ́n ń sáré lórí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ tí koríko ti hù níbi tó là, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun kú lójú èrò. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò kọ́kọ́ yé e. Ọkọ̀ tó bá tún ṣe lónìí, bó bá ti yà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aláwọ̀-Ewé láti pààrọ̀ ọ́ìlì, nítorí pé ibẹ̀ ní àga àti fáànù, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ Aláwọ̀-Ewé náà á fi máa dún bákan náà gẹ́lẹ́. Etí Elétí kì í tàn án. Ọkùnrin náà ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ inú ọkọ̀ àwọn oníbàárà Elétí, ó ń fa iṣẹ́ obìnrin náà jáde, ó sì ń gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Ìyẹn ṣì ṣeé gbé mì. Èyí tí kò ṣeé gbé mì ni ti rédíò. Ọkọ̀ Aláwọ̀-Ewé gba ipò kìíní, wọ́n pè é sórí afẹ́fẹ́, wọ́n ní ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní orí òun ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé obìnrin kan wà nínú ẹbí rẹ̀ tó mọ ẹ́ńjìnnì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Áà, àbúrò ìyàwó mi! Ó máa ń bá wa fọ púlọ́ọ̀gì."

Inú bí Elétí. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ó bá a tó ń ká aṣọ.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa mi?"

"Mo gbọ́. Ṣé irọ́ ni? O ò fọ púlọ́ọ̀gì rí ni?"

"Àǹtí! Iṣẹ́ mi ni ọkọ yín ń jí. Láti ayé bàbá ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Wò ó, gbogbo ìgbà lo máa ń bínú sí ọkùnrin yìí. Ọkọ mi kì í ṣe olè. Bó bá jẹ́ pé tìẹ ló ń mú, jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí n gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má fi ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé mi mọ́."

"Ó dáa," ni Elétí wí. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn. Kò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá mọ́. Kò fẹ́ pátákó. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ̀gbọ́n òun sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Bó bá gba ọdún, kó gba ọdún.

Kò gba ọdún. Níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù ló ti rí kọ́ìlì kan lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dógùn-ún. Ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti kọ́ìlì kékeré tí gbogbo ayé ń lò, ojú ihò kan náà ló ń wọ̀, wáyà kan náà ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́. Elétí gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi iná sí i, ó ń wo bí iná ṣe ń gòkè lójú ẹ̀rọ ìwọnná, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bóyá ó ń gbóná. Kọ́ìlì kékeré kì í gbà ju bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó kún. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì, ara rẹ̀ ò sì gbóná rárá. Garawa ńlá ni, ní àwọ̀ garawa kékeré. Elétí jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí bàbá onítáyà fi bi í pé ṣé kò sí nǹkan.

Ó kó irú kọ́ìlì náà jọ, ó ń fi í sínú ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì ń tẹ àsìkò ìgbaná gígùn tó tọ́ sí i. Ọkọ̀ wọn ń ta bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, kò sì sí èyí tó jó nínú wọn. Kò gé wáyà ẹnikẹ́ni. Kò da yanrìn sínú táǹkì ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, ó ṣe é dáadáa, ó wá káwọ́ gbera, ó ń retí àna rẹ̀.

Àna kò pẹ́ rárá. Ó ki wáyà bọ ọkọ̀ bó ti máa ń ṣe, ó rí àsìkò gígùn náà, ó pàtẹ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí wà. Ó gbé iye náà sínú gbogbo ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn, kò sì tú kọ́ìlì inú ọkọ̀ tí Elétí ṣe wò bóyá irú tirẹ̀ ni. Kí ló fẹ́ tú u wò fún? Ẹni tó ń jíwèé wò nínú ìdánwò kì í ka ìbéèrè. Ó jí àsìkò garawa, ó fi í rọ omi sínú ife.

Ni kọ́ìlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọkọ̀ Aláwọ̀-Ewé á gbéra lórí pápá bí ẹyẹ, nígbà tó bá dé àárín, á wúkọ́, á rọra dúró lójú èrò. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ bátìrì, ó bá àwọn tó ń ta kọ́ìlì jà, ó ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ohun tí òun jí ló ń ṣe òun. Iṣẹ́ Elétí ni, iṣẹ́ Elétí kì í sì í yingin. Ìyìn tó ga jù tó tíì fún obìnrin náà nìyẹn, kò sì mọ̀ pé òun ń yìn ín.

Ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù kiri máa ń gba iwájú Elétí kọjá. Gbogbo kọ́ìlì ọlọ́dà ewé tó bá wà nínú ọmọlanke rẹ̀ ni Elétí ń rà, tó ń nu eruku ara rẹ̀, tó ń so ó rọ̀. Ká má parọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Bí ọ̀kan bá kún ọ̀kan lórí wáyà, oúnjẹ á túbọ̀ máa dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́kọ́ dá wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. "Àbúrò mi, kí lo ṣe sí ọkọ̀ ọkọ mi?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Àǹtí."

"Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn o."

"Mi ò gbẹ́ kòtò. Kànga ni mo gbẹ́, inú àgbàlá mi ló sì wà. Ẹni tó bá fo ògiri wọlé tó já sínú rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló wá ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pòṣé, ó lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá a délé.

Nígbà tí ìdíje ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn oníbàárà ti ń kó ọkọ̀ wọn jáde ní ṣọ́ọ̀bù Aláwọ̀-Ewé, ọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá, torí tirẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà. Ìyàwó jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé gíláàsì sókè. Elétí wà nídìí ẹ́ńjìnnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Kò pa á.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá."

"Ìyàwó mi, pa nǹkan yìí ká sọ̀rọ̀."

"Kò ṣeé pa báyìí, Bọ̀dá. Mo ń wo ìgbóná rẹ̀."

Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí wáyà. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan kọ́ìlì kan, ó fi kan òmíràn. Ọ̀dà tirẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ló kán an. Ó wo kọ́ìlì, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo kọ́ìlì. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó kàn jẹ́ olè ni.

"O mọ̀," ló wí.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá. Ọjọ́ gbogbo ni tolè."

"Kọ́ìlì wo lò ń lò?"

"Màá sọ fún yín. Màá sọ iye fún yín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín. Iṣẹ́ ta ló wà nínú àwọn ọkọ̀ yín?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Iṣẹ́ ẹ ni."

Elétí gbé ọwọ́ sí etí. "Mi ò gbọ́."

Bàbá onítáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi irin ọwọ́ rẹ̀ lu ara rẹ̀. Elétí ni kò gbọ́!

"Mo ní iṣẹ́ ẹ ni mo mú."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá, ẹ́ńjìnnì yìí ń pariwo. Mi ò gbọ́ o." Ó na ọwọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fún un lépo díẹ̀ sí i, ariwo sì gòkè sí i.

Ọ̀ràn náà sú ọkùnrin náà. Ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà, ó kígbe. "Mo ní mo jí i! Gbogbo ẹ̀ ni mo jí! Láti ayé bàbá yín, mi ò fúnra mi ṣe ọ̀kan rí! Ṣé o ti gbọ́ báyìí?"

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kò ti í padà. Ó rìn wá sábẹ́ páànù, ó dúró níwájú wáyà, ó sì wo àwọn kọ́ìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Tún un sọ."

"Ìyá àwọn ọmọ, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Mo ní, tún un sọ."

Elétí na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì náà.