Ọkọ Tí Mo Wí Kọ́ Ni Ọkọ Tí Wọ́n Lù

Ẹ gbà mí láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi lónìí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹ tó bú mi, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Àwọn tó mọ̀ mí ní Òmù-Àrán mọ̀ pé Àǹtí Ṣáínà ni wọ́n ń pè mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá ìyá kan tó jẹ́ ará Ṣáínà ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Òun ló kọ́ mi ní ìṣègùn ilẹ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, bí wọ́n ṣe ń fi ìwo màlúù pẹlẹbẹ fá ẹ̀yìn èèyàn. Wọ́n gbà pé èémí kan wà tó ń rìn káàkiri ara. Tó bá há síbì kan, ibẹ̀ ló máa dunni. Wọ́n tún ní agbára méjì ló gbé ara ró, yin àti yang. Yin tutù, yang gbóná. Tí ọ̀kan bá borí èkejì, àìsàn dé nìyẹn.

Ẹ wá sọ fún mi, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé yin fún ará Òmù-Àrán? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, bàbá kan ní ta ni kí òun yìn! Ni mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Mo ní ìyàwó ni èyí tó tutù, ọkọ ni èyí tó gbóná. Kíá ló yé wọn. Inú mi dùn, mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni obìnrin kan, Ṣìfáwù, wá bá mi. Èjìká ń dùn ún, ara rẹ̀ ń gbóná lábẹ́nú. Mo bi í bóyá ó ti lọ ṣàyẹ̀wò ibà ní ọsibítù, ó ní ó ti lọ, wọn ò rí nǹkan kan. Mo fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ̀, mo fá a. Ìlà pupa yọ láti èjìká dé ìbàdí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í dunni tó bó ṣe rí lójú, láàárín ọjọ́ mélòó kan á ti pòórá. Mo ní ọkọ ló le jù lára rẹ̀, ó ti borí ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń tún un sọ títí tó fi jáde.

Àṣé ilé bàbá rẹ̀ ló gbà lọ. Ó ró ìró mọ́ àyà, ó ń sá gbodo sóòrùn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sàláwù, tó ń pa màlúù lọ́jà, wọlé. Ó rí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀. Ó bi í pé kí ló ṣe é. Ṣìfáwù ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ọkọ ni, Bọ̀dá. Ọkọ ló le jù."

Sàláwù fi ìbínú jáde. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù Ràímì, ọkọ Ṣìfáwù, tó ń ránṣọ nítòsí ọ̀dọ̀ mi.

Ariwo ni mo gbọ́ tí mo fi sáré jáde. Kí ni mo rí? Sàláwù ti wọ́ Ràímì jáde látẹ́yìn maṣíìnì, ó ti gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ojú ọkùnrin náà. Irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ló fi ń lù ú, ó ń bi í bóyá ẹran ni àbúrò òun tó fi pàṣán là lẹ́yìn. Ràímì ń fi apá gba irin. Mo gbọ́ ìgbà tí apá náà ṣẹ́. Etí mi ò tíì gbàgbé ìró yẹn dòní. Àwọn èèyàn sì dúró yí wọn ká, àwọn kan tiẹ̀ ń ní kó nà án sí i!

Mo kó sáàárín wọn. Irin bà mí lẹ́nu, eyín mi kan bọ́ sílẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ mí, n kì í gba ìgbàkugbà. Mo gbá Sàláwù létí, mo tún gbá a, mo wá kígbe mọ́ ọn.

"Èmi ni mo fá a lẹ́yìn! Ọkọ tí mo wí kì í ṣe Ràímì!"

Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tí ò gbédè.

Ní ọsibítù, wọ́n rán ojú Ràímì, wọ́n di apá rẹ̀. Sàláwù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Èmi náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹnu mi tó wú, mo ní àlàyé mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ràímì ò wò mí rárá. Sàláwù ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jẹ́ àna yín. Ṣé ẹ rí i kí n jágbe mọ́ àbúrò yín rí? Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ gbọ́."

Ojú tì mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. N kì í sọ ọkọ àti ìyàwó fún ẹnikẹ́ni mọ́, ooru àti òtútù ni, ó parí. Kí n tó fá ẹ̀yìn èèyàn, mo máa ń pe ará ilé rẹ̀ lórí fóònù, kí n sọ irú àmì tí wọ́n máa rí. Ẹ̀yin tó ń kà á náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè.

Egungun apá Ràímì ti so pọ̀, ṣùgbọ́n ìka méjì ò ká mọ́, kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú. Ṣé ẹnu yín ti kó bá aláìṣẹ̀ rí? Kí lẹ ṣe láti tún un ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, torí èmi ò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe.