Àṣíborí Tí Lucy Jókòó Lé

Èmi àti Lucy jọ kàwé girama ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a sì jọ ń gbé Wakefield ní New York báyìí. Nítorí náà, bí mo bá pè é ní olórí kunkun, mo ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bronx. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tá a mọ̀ o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, àṣíborí líle sì ni dandan lórí gbogbo wọn, torí wọ́n máa ń kọ lu ara wọn bí àgbò. Èmi ò rí adùn kankan níbẹ̀. Àmọ́ lọ́dún yẹn, kò sí ẹgbẹ́ tó dojú kọ wọ́n tí wọn ò nà, Lucy náà sì ń yan fanda kiri ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé òun gan-an ló ń gbá a.

Adrián ló fẹ́ràn jù nínú wọn. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn yòókù, òun sì ni gbogbo wọn gbójú lé. Ọmọ Puerto Rico ni, òpópónà Grand Concourse ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìyá ìyá rẹ̀ tó ti kú máa ń fi àwọn ọ̀rọ̀ kan bẹ òrìṣà. Lọ́jọ́ tí Adrián gbọ́ tí Lucy ń sọ Yorùbá lórí fóònù, ó ní ọ̀rọ̀ ìyá àgbà òun nìyẹn, kó kọ́ òun. Lucy fi kíkí bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọmọ náà kì í lọ sókè sódò bíi tiwa, àmọ́ kò fi ti àárọ̀ kí i lọ́sàn-án rí. Bí àwọn ọmọ wa tá a bí síbí bá sọ pé "hi" fún Lucy, á ní kí wọ́n lọ bá Adrián kó kọ́ wọn nílé.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Bí wọ́n bá borí, ife ẹ̀yẹ di tiwọn. Lucy ní kí n wá bá òun ká aṣọ ìnura lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, òtútù sì ń mú mi débi pé mò ń bú u nínú. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ fún ìsinmi àárín eré, géńdé kan kọ lu Adrián, orí rẹ̀ sì gba ilẹ̀. Ó dìde kíá, ó juwọ́ sáwọn èrò, pápá sì ń ké orúkọ rẹ̀. Dókítà wọn wà lápá kejì nígbà yẹn, lọ́dọ̀ ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.

Nígbà ìsinmi, Adrián wá gba aṣọ gbígbẹ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Oòrùn ọ̀sán ń ràn sí wa lójú. Mo rẹ́rìn-ín. Lucy ò rẹ́rìn-ín.

"Adrián, báwo la ṣe ń kí èèyàn lọ́sàn-án?"

Ó wojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Mo rántí bí orí rẹ̀ ṣe gba ilẹ̀.

"Ṣé orí ń fọ́ ẹ?"

"Díẹ̀ ni. Mama, please, ẹ má sọ fún kóòṣì. Ó ti kù díẹ̀ ká gba ife."

Ó gbé àṣíborí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè pààrọ̀ aṣọ. Bó ṣe ń fa aṣọ gba orí, Lucy gbé àṣíborí náà, ó fi sórí àga, ó sì jókòó lé e.

Fausto, kóòṣì wọn, sáré dé. "Àṣíborí Adrián dà?"

"Abẹ́ mi ló wà," Lucy ní. "Ẹ pe dókítà kó wo orí ẹ̀. Tó bá ní kò sí nǹkan, màá dìde."

"Màmá Lucy, a ò ráyè! Ẹ dìde!"

"Mi ò dìde."

Àwọn ọmọkùnrin yẹn yí wa ká, wọ́n ń pariwo. Mo sọ sí i létí pé, "Lucy, iṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ohun tó o rí sọ nìyẹn?"

Adrián ti ń sunkún ìbínú. Ó ní, "Ẹ ti ba ayé mi jẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Lucy lára. Kò kúrò lójú kan.

Fausto fi ìbínú ránṣẹ́ pe dókítà. Ìyẹn tan iná sí Adrián lójú, ó bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá. Petra, ìyá ọmọ náà, sáré sọ̀ kalẹ̀ láti àárín èrò, ó bá wọn wọ ọkọ̀. Kò wo apá ọ̀dọ̀ wa rárá.

Wọ́n borí ṣá. Ọmọ tó rọ́pò Adrián gbìyànjú gan-an. Wọ́n gbé ife, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ń jó, Lucy sì ń ṣa aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ nílẹ̀ láàárín wọn. Gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i. Inú bí mi, mo fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ nǹkan kan nípa Adrián.

Inú yàrá ìfọṣọ la wà nígbà tí fóònù Lucy dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kémi náà lè gbọ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó lé àṣíborí ọmọ mi?"

Lucy dìde dúró. "Èmi ni, mà."

Petra ń mí gúlegúle. "Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú orí ẹ̀. Wọ́n ní bó bá tún forí gba nǹkan míì ni, ì bá ti gba ibẹ̀ kú. Ó ti là á já. Àmọ́ ó ń bínú sí yín o. Ó ní òun ò fẹ́ rí yín mọ́ láéláé."

Lucy jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ jẹ́ kó máa bínú, mà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa bínú."