Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Yà Fún Màámi

Òórùn èédú àti òrí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Òrí ni mo fi ń ra Màámi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlémọnà. Èédú sì ni mo fi ń kọ́ àwòrán yíyà nírọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá kan tó ń gbé nítòsí wa, lẹ́bàá ojú irin ní Ọ̀fà. Òórùn méjèèjì wọ àtẹ́lẹwọ́ mi nígbà náà, ọṣẹ ò rí wọn gbé ṣe. Bí mo bá ń jẹun, mo ń gbọ́ ọ. Bí mo bá fọwọ́ bojú, mo ń gbọ́ ọ.

Ìwọ náà ti tọ́jú òbí rí, o mọ bó ṣe máa ń rí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu Màámi. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn sì lọ. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ bó bá ń polówó ànàmọ́, "ùn, ùn" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa ní ọsibítù pé ọpọlọ rẹ̀ pé, pé gbogbo ohun tí à ń sọ ló ń yé e. Ìyẹn gan-an ló ń dun èèyàn jù. Bó bá fẹ́ nǹkan tí mi ò sì mọ̀ ọ́n, á máa sunkún, èmi náà á máa sunkún. Kò mọ̀wé, ǹ bá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àbúrò mi á pè láti Èkó: "Ẹ kú ìtọ́jú Màámi o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Àmín. Wọ́n á gé fóònù, èmi á dìde lọ da póò nù.

Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n wá àwòrán tí Màámi á máa fọwọ́ kàn bó bá fẹ́ nǹkan. Ti fóònù kéré jù fún ojú rẹ̀. Ni mo bá lọ bá bàbá tí mo wí yìí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, àwòrán yíyà ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, gbogbo wa la sì ń pè é ní Daddy. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá mi jókòó ti Màámi bí mi ò bá sí nílé. Mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya nǹkan díẹ̀ fún Màámi."

"Bí mo bá ya tòní, tó bá wá fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́la ńkọ́? Jókòó, kí o kọ́ ọ."

"Èmi kẹ̀? Daddy, ó ti rẹ̀ mí."

"Mo rí i. Ọ̀fẹ́ ni. Jókòó."

Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo wá ìrànlọ́wọ́ wá, ó tún fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún mi! Ṣùgbọ́n àga wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nílé wa mi ò ráyè jókòó. Mo jókòó.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń ṣe bébà. Àwọn olóṣèlú á máa rẹ́rìn-ín lódì kejì, àwa á máa ya tiwa. Ànàmọ́ ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi, ó ní ìyẹn ò ní sá lọ. Ó ní kí n yéé wo ọwọ́ mi, kí n máa wo ànàmọ́. Nígbà tí mo ya ife, ó gbé e sójú, ó ní, "Ṣé ife nìyí, àbí àbúrò ànàmọ́ àná?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀, ife di ife. Mo ya abọ́, mo ya bútà àlùwàlá, mo ya póò, mo ya bẹ́ẹ̀dì. Mo lẹ gbogbo wọn mọ́ páálí, mo gbé e lé Màámi lórí itan.

Ó ṣiṣẹ́ o. Ó fọwọ́ kan bútà, mo bu omi wá, ó ṣe àlùwàlá. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un, ojú sì ń tì í láti lò ó. Òun ló kọ́ wa ní kékeré pé a ò gbọ́dọ̀ na ọwọ́ òsì sí èèyàn. Ẹni tó bá dán an wò, á jẹ ẹgba gbígbóná lẹ́yìn ọwọ́. Bí àlejò bá wọlé, á yáa ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ ìró. Àwòrán nìkan ló ń nà án sí.

Bẹ́ẹ̀dì ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Bí mo bá ti ń tibi iṣẹ́ wọlé báyìí, á fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn ń ro mí, n ó gbé e kúrò lórí àga, n ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Á figbe ta. N ó gbé e dìde, á tún kan bẹ́ẹ̀dì. Mo pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ orí rẹ̀ sí fèrèsé. Ùn-ùn, kì í ṣe ìyẹn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀rù wá bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo ní ọpọlọ tí wọ́n ní ó pé yẹn náà ti ń lọ nìyẹn, pé Màámi ti fi mí sílẹ̀, pé ara lásán ni mò ń fi òrí ra.

Mo sọ fún Daddy pé mi ò yàwòrán mọ́, kò wúlò. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ojú èèyàn ló kù tí o ò tíì yà. Ya ìyẹn kí o tó lọ."

"Ojú ta ni?"

Ó yọ dígí tó fi ń fá irùngbọ̀n kúrò lára ògiri, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ o. Ohun tí o bá rí ni kí o yà."

Háà! Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti dé, n kì í wo dígí ju kí n fi wé gèlè lọ. Ojú ti jìn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá àgbà kan ni. Mo yà á bó ṣe rí.

Mo mú un délé, mo sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màámi, mo lọ tan sítóòfù. Nígbà tí mo padà dé, ó ti nawọ́ mú un. Ó ń wò ó. Ó ń fi àtàǹpàkò nu abẹ́ ojú tí mo yà, bí ẹni ń nu omijé ọmọ, èédú sì ń kun ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé bébà náà lé orí páálí, lé orí bẹ́ẹ̀dì gan-an, ó tẹ ọwọ́ lé e, kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Èmi? Màámi, èmi lẹ ní kí n lọ sùn?"

"Ùn," Màámi wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ tó ti ń kan bẹ́ẹ̀dì, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò kàn lè na ọwọ́ òsì sí mi ni.

Mo sunkún, mo pa sítóòfù, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń fipá tẹ́ ẹ sí. Mi ò gbọ́ ìpè ìrun Màgàrìbá, mi ò gbọ́ ariwo ọ̀kadà. Nígbà tí mo lajú, Màámi ṣì wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ òsì yẹn wà ní orí mi.

Màámi ti lọ báyìí. Mo ṣì ń yàwòrán, ó sì ṣì máa ń rẹ̀ mí, má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún ẹ. Bébà yẹn wà lára ògiri yàrá mi, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ojú mi níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá kọ̀ tí kò tán, tí kò sì sẹ́ni tó máa ní kí n sinmi, n ó gbójú sókè wò ó. N ó ní, "Mo ti gbọ́, Màámi." N ó sì lọ sùn.